Ìbọn Ni Í Yan Ẹ̀tù

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ogun, orúkọ àwọn jagunjagun ni a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n jà fún, lẹ́yìn èyí ni orúkọ irú ìbọn tí wọ́n gbé dání. Ẹ̀tù tí ó wà nínú ìbọn náà kì í sábà ní orúkọ. A máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé irú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀tù, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tí a lè bèèrè nípa rẹ̀ ju pé ó pọ̀ ni tàbí ó kéré. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1853 sí ọdún 1895, ẹ̀tù yí padà nínú ayé, ó yí ìbọn padà, ó sì yí ẹni tí àṣẹ ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ìtàn náà kan àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kan àwọn baba wa tí wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn ní Kírìjì.

Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń bá ìtàn yìí jìjàkadì. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń kó ìbọn ológun àtijọ́ jọ, tí wọ́n sì ń fi wọ́n tafà sí àmì lórí pápá. Kátíríìjì irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọwọ́ ki ẹ̀tù sínú èèpo idẹ, tí wọ́n sì ń fi ọta òjé dé e lórí. Ìbéèrè tí ó wà níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé: irú ẹ̀tù wo ni ó yẹ kí n lò? Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ ọjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ẹni tí kò bá mọ ọdún tí wọ́n ṣe ìbọn rẹ̀, àti irú ẹ̀tù tí ó wà láyé ní ọdún náà, lè yan ẹ̀tù tí yóò fọ́ ìbọn náà mọ́ ọn lójú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù dúdú, èyí tí gbogbo ayé lò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ láti ṣe é: iyọ̀ kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí ọjọ́. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀tù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 75 jẹ́ saltpetre, ìdá 15 jẹ́ èédú, ìdá 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Èédú àti imí ọjọ́ ni ń jó. Saltpetre ni ó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó níbi tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Wọ́n á lọ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ le, wọ́n á sì fọ́ ọ sí hóró. Bí hóró bá tóbi, yóò jó pẹ̀lẹ́. Bí ó bá kúnná, yóò jó kíá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi hóró ńláńlá sínú àgbá, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó kúnná sínú ìbọn ọwọ́. Èyí fi hàn pé láti ìgbà láéláé ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ti mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni a ń wò lára ẹ̀tù. Bí ó ti ń yára jó sí ni ọ̀gá ọ̀rọ̀.

Ẹ̀tù dúdú ní àbùkù méjì. Ó ju ìdajì ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó bá jó tí kì í di atẹ́gùn rárá, tí ó jẹ́ pé èéfín àti ẹ̀gbin ni. Èéfín yóò bo ojú ẹni tí ó yin ìbọn, yóò sì tú àṣírí ibi tí ó sá pamọ́ sí fún ọ̀tá. Ẹ̀gbin yóò lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn títí ọta kò fi ní lè kọjá bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà rere kan tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: kì í ṣe oníjàǹbá. Bí a bá sé e mọ́ inú ọ̀pá, iná rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin tí kò le púpọ̀ lè gbà á mọ́ra, bí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò bá ti kọjá ààlà.

Irú ẹ̀tù yìí ni àwọn baba wa mọ̀. Ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ti ẹnu kì, ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Jagunjagun á da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, á ti ọta tẹ̀lé e, á sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí ọta, á lo òkúta tàbí irin wẹ́wẹ́. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà. Bí ẹ̀tù bá gba ìrì, á fi díẹ̀ kún un. Bí ìbọn bá gbó, á dín in kù. Kò sí ẹni tí ó ń bá a wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó kù fún un láti wá kiri ni ẹ̀tù fúnra rẹ̀, èyí tí ó ń ti etí òkun gòkè wá, tí ó sì sọ ọ̀nà etí òkun di ohun tí àwọn ìlú ń jà lé lórí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn ní ọdún 1877, ẹ̀tù wà lára ohun tí Ìbàdàn kọ́kọ́ ṣàárò.

Ní Ìlú Ọba pàápàá, ìgbà kan wà tí ọmọ ogun ń da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn. Ìbọn Enfield ti ọdún 1853 jẹ́ ìbọn onílà-wíwé, èyí ni pé wọ́n fín ìlà sínú ọ̀pá rẹ̀ kí ọta lè máa pòòyì bí ó ti ń lọ, kí ó má baà yà. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún ọmọ ogun mọ́. Wọ́n wọn ẹ̀tù bí 70 grain fún un tẹ́lẹ̀ (7,000 grain ni ó wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan), wọ́n sì dì í mọ́ ọta nínú bébà tí wọ́n fi ọ̀rá pa. Ọmọ ogun á fi eyín ya bébà náà, á da ẹ̀tù, á sì ti ọta tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìròyìn kàn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa bébà yìí. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ti àkọ́kọ́, àwọn Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan èkejì. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó dá ọ̀tẹ̀ ńlá ọdún 1857 sílẹ̀. Ẹ wo bí ìdì ẹ̀tù kékeré ṣe mi ìjọba ńlá.

Ní ọdún 1866 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọgbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jacob Snider. Wọ́n gé ìdí ìbọn Enfield àtijọ́, wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin sí i, ó di ìbọn tí à ń ti ìdí kì. Colonel Boxer, ẹni tí ó wà ní Woolwich, ṣe kátíríìjì fún un: èèpo idẹ, ẹ̀tù dúdú 70 grain, ọta òjé 480 grain, àti ohun tí ń sáná ní ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ìdì kan. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà kò tí ì parí kíkì tí ẹni tí ó ní Snider yóò ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí ó tún wá burú jù fún ọ̀tá ni pé ó lè dọ̀bálẹ̀ kì í.

Snider yìí ni ó dé ilẹ̀ wa nígbà ogun Kírìjì. Èkìtìparapọ̀, lábẹ́ Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, wà ní ìhà kan. Ìbàdàn, lábẹ́ Àrẹ Látòósà, wà ní ìhà kejì, ní àgbègbè òkè tí ó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó kò jókòó lásán. Wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì, wọ́n sì ń gba ọ̀nà Oǹdó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìró ìbọn tí ó ń dún láàárín àwọn òkè náà ni wọ́n sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi ṣakabùlà ṣẹ́gun ìlú púpọ̀, rí i pé àwọn kò lè sún mọ́ ọ̀tá mọ́. Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885, àdéhùn àlàáfíà sì wáyé ní ọdún 1886, láìsí ẹni tí ó ṣẹ́gun ẹnì kejì.

Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí Snider fún Èkìtìparapọ̀. Ó yẹ kí a sọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà lè lo ẹ̀tù tí ó bá rí, kí ó sì fi òkúta ṣe ọta. Ẹni tí ó ní Snider, bí kátíríìjì rẹ̀ bá tán, igi lásán ni ó gbé dání. Ẹlòmíràn ni ó ti bá a wọn ẹ̀tù, ní ìlú tí kò dé rí, ìgbà tí ọ̀nà Oǹdó bá sì ṣí ni ó tó lè rí i gbà. Òṣùwọ̀n ti kúrò lọ́wọ́ jagunjagun. Bóyá ni ẹnikẹ́ni fura nígbà náà, nítorí ìbọn náà dára púpọ̀.

Ní ọdún 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gba Martini-Henry. Ẹnu ọ̀pá rẹ̀ kéré sí ti Snider, àmọ́ ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ sí i: 85 grain, tí ó ń ti ọta 480 grain kan náà. Ó ń gbá èjìká ẹni tí ó bá yìn ín. Ohun tí ẹ̀tù dúdú lè ṣe nínú ìbọn ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá síbẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi kún un, èéfín àti ẹ̀gbin nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ní ọdún 1884 ni ará Faransé kan, Paul Vieille, já okùn náà. Ó mú òwú tí wọ́n ti fi oró kẹ́míkà pa, ó yọ́ ọ di bí ẹ̀kọ tí ó dì, ó tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, ó sì gé e wẹ́wẹ́. Ẹ̀tù aláìléèéfín ni ó rí. Ní ìwọ̀n kan náà, agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ohunkóhun sílẹ̀ sínú ọ̀pá. Ní ọdún 1886 ni àwọn Faransé gbé ìbọn Lebel jáde fún un, ọkàn gbogbo ìjọba Yúróòpù kò sì balẹ̀ mọ́. Alfred Nobel ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1887. Ní ọdún 1889 ni Frederick Abel àti James Dewar ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pè ní cordite nítorí pé ó rí gbọọrọ bí okùn. Nobel pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ọgbọ́n òun ni wọ́n jí, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1895, níbi tí ó ti jẹ̀bi.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù wà fún ẹni tí ń yan ẹ̀tù. Ní ọdún 1888, kí cordite tó dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìbọn tuntun kan, Lee-Metford, tí ẹnu rẹ̀ kéré púpọ̀, .303 íńṣì péré. Ẹ̀tù dúdú bí 71 grain tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ le ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú kátíríìjì rẹ̀. William Metford sì ti fín ìlà inú ọ̀pá náà ní jínjìn díẹ̀, pẹ̀lú etí tí ó yí bìrìkìtì, kí ẹ̀gbin ẹ̀tù dúdú má baà rí ibi lẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n gidi ni, fún ẹ̀tù ìgbà náà. Nígbà tí ó di ọdún 1891, wọ́n fi cordite bí 31 grain rọ́pò ẹ̀tù dúdú. Kò tó ìdajì ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ọta ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n iná cordite gbóná kọjá ohun tí Metford rò. Ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ nitroglycerine. Ó ń jẹ irin. Àwọn ìlà tí kò jìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́, ọta kò sì rí ohun tí yóò yí i mọ́. Ní ọdún 1895, wọ́n ní láti fín ìlà mìíràn, márùn-ún tí ó jìn, tí etí rẹ̀ mú, ní ilé-iṣẹ́ Enfield. Bí ìbọn Lee-Enfield ṣe gba orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1901, wọ́n tún cordite fúnra rẹ̀ ṣe, wọ́n dín nitroglycerine rẹ̀ kù sí ìdá 30, kí iná rẹ̀ lè rọ̀.

Ìjọba tí ó lówó jù láyé ìgbà náà ni ó yan ẹ̀tù kí ó tó wo ojú ìbọn. Ó ní owó láti ṣe ìbọn mìíràn. Ẹni tí ó ní ìbọn àtijọ́ kan ṣoṣo kò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù ń yan ẹ̀tù tuntun fún ara wọn, wọ́n ń yan ti àtijọ́ fún wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Òpin òwò ẹrú ni wọ́n sọ pé àwọn ń wá, àdéhùn náà sì gbógun ti òwò náà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi òfin de ìbọn onílà-wíwé àti kátíríìjì, pé wọn kò gbọdọ̀ tà wọ́n fún àwọn ènìyàn Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìlà yìí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ìbọn olókùúta-ìṣáná tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán, èyí tí wọ́n pè ní ẹ̀tù òwò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Colonel Francis Scott kó ogun Gẹ̀ẹ́sì ti Ìjẹ̀bú lọ, pẹ̀lú ìbọn Maxim. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò Yemọji, nítòsí Ìmàgbọn, wọ́n sì jà gidigidi. Ìjà náà kò pẹ́ tí ó fi parí. Bí a bá ń bèèrè ìdí tí ṣakabùlà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kò mọ ohun tí ó dára jù ú lọ. Èkìtìparapọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ọdún 1886 tó pé. Òfin ni ó yan ẹ̀tù fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki kátíríìjì. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ṣe ọta láìgbàṣẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn tí òfin ìlú wọn gbà fún ni mò ń sọ. Ìtàn tí a ti ń bá bọ̀ ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí ìbọn rẹ̀ bá jẹ́ Snider tàbí Martini-Henry, ẹ̀tù dúdú ni. Hóró irú èyí tí wọ́n fi ṣe é ni kí ó wá, kí ó kún èèpo títí dé ìdí ọta, nítorí ẹ̀tù dúdú kò fẹ́ àlàfo. Kí ó má ṣe wọn ẹ̀tù aláìléèéfín sínú òṣùwọ̀n ẹ̀tù dúdú láé. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti irin náà lọ, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀: bí a bá sé e mọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yára jó sí i, tí yíyára náà yóò sì tún máa fún un ní agbára sí i.

Bí ìbọn rẹ̀ bá jẹ́ .303, ọ̀rọ̀ gba sùúrù. Cordite kò ṣeé fi ọwọ́ kì sínú rẹ̀, nítorí ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ń to ìdì okùn náà sínú èèpo kí wọ́n tó fún ọrùn èèpo náà. Ẹ̀tù oníhóró aláìléèéfín ni yóò lò, èyí tí kì í yára jó jù, tí àwọn tí ó ṣe é sì ti kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún kátíríìjì náà gan-an. Òṣùwọ̀n tí ó kéré jù nínú ìwé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ni kí ó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ife. Kí ó sì tún yẹ inú èèpo kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó fi ọta dé e, nítorí ẹ̀tù dúdú tí a bá dà lẹ́ẹ̀mejì yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ojú yóò sì rí i, ṣùgbọ́n èèpo kan lè gba irú ẹ̀tù aláìléèéfín mìíràn lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bí ó bá sì jẹ́ Lee-Metford ni, kí ó rántí àwọn ìlà tí kò jìn náà, kí ó má sì ṣe wá ẹ̀tù tí iná rẹ̀ gbóná kiri. Kí ó tó ṣe gbogbo èyí, kí ó gbé ìbọn náà lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì wo àmì tí ilé ìdánwò ìbọn ní London tàbí Birmingham lù sí i lára, nítorí àmì náà a máa sọ irú ẹ̀tù tí wọ́n fi dán an wò.

Àwọn tí ó ṣe ìbọn wọ̀nyí ti kú tipẹ́, wọn kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀tù mọ́. Òṣùwọ̀n ti padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ìbọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ṣakabùlà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé baba tí ó ni ṣakabùlà mọ irú ẹ̀tù kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹni òde òní ní oríṣiríṣi ẹ̀tù nínú agolo tí ó jọra lórí àtẹ, ohun tí yóò sì fi mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìbọn rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìtàn ọdún náà. Kí ó kọ́kọ́ ka ìyẹn, kí ó tó ṣí agolo.